Okùn tí Mo Fi ń Darí Alùpùpù

Ẹnu ìyàwó àbúrò bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀ okùn yìí, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ń fà á láràárọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Tẹ̀dé là ń gbé, Ṣakí sì ni ilé-ìwé girama mi wà. Àbúrò bàbá mi ń taṣọ ní Ṣakí, nítorí náà ẹ̀yìn alùpùpù wọn ni mò ń jókòó sí lọ. Ẹ̀rù ò jẹ́ n gbádùn! Bí a bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, màá di aṣọ wọn mú pinpin. Lọ́jọ́ kan, mo bẹ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Bàbá mi ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Bóo bá tún bẹ́ sílẹ̀, o ti kúrò nílé-ìwé nìyẹn. Ọ̀nà oko ò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Ta ló fẹ́ lọ kọ ebè?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò wọn jókòó sórí alùpùpù, wọ́n fa okùn kan yọ lábẹ́ dàńṣíkí, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Ìgbànú mi ni mo so ó mọ́. Ìwọ ni dírẹ́bà. Bí àyà rẹ bá já, fà á, màá rọra."

A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo fà á. Alùpùpù rọra bí ìyàwó tuntun! Nígbà tó yá, orin ni mò ń kọ lẹ́yìn wọn. Mo tiẹ̀ ń pàṣẹ: "Ẹ tẹ iná sí i, a ti pẹ́!"

Ìrọ̀lẹ́ kan, mò ń fọ́nnu nídìí ààrò, ni ìyàwó wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi kékeré, ìgbànú wo? Irin ìjókòó ló so ó mọ́! Ojú mi ló ṣe ta á ní kókó."

Mo gbọ̀nà ọ̀dọ̀ ọkọ wọn lọ. "Ẹ tàn mí jẹ!"

"Ṣóo ò dé ilé-ìwé ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ máa ń rọra bí mo bá fà á?"

"Wèrè wo ló ń sáré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn? Ẹ̀rù ń ba èmi náà, jàre!"

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gun alùpùpù, wọ́n ṣe bí ẹni tí ò sọ nǹkan kan lánàá, wọ́n sì na okùn sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ò ní gbà á?