Gbólóhùn Tí N Kò Kọ

Mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti katikíìsì wa nígbà tí wọ́n wá pè mí sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni. Mo ti rán méjì, mo sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ̀kẹta yóò wà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ní Ìpele, nígbà ìjọba alágbádá tí ó tẹ̀ lé ti àwọn ológun. Mo gbé ìwé ìwàásù sábẹ́ apá, mo jáde.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìwé náà. Ọ̀wọ̀ ni àlùfáà wa ń gbé, ìjọ mẹ́fà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ń rí i. Katikíìsì ni ó ń wàásù ní àwọn ọjọ́ Ìsinmi yòókù, èmi akọ̀wé ìjọ a sì máa kọ kókó ohun tí ó bá sọ, kí àlùfáà lè kà á nígbà tí ó bá dé. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: ohun tí a kò bá kọ lọ́jọ́ náà kì í wọ inú ìwé mọ́. Ní ọdún tí ó ṣáájú, Bàbá Ìjọ, ẹni tí oko kòkó rẹ̀ tóbi jù láàárín wa, ní kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ojú ìwé kan tó ti kọjá. Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Obìnrin yìí, bí wọ́n bá fi ọ́ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run, ìwọ̀nba èèyàn ló máa wọlé." Láti ìgbà náà ni gbogbo ìjọ ti ń sọ pé ìwé mi kì í parọ́. Inú mi a máa dùn sí i.

Nígbà náà, àwọn alágbàṣe tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sórí ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí igi mìíràn tó ń pẹ́ nílẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbin igi lè sọ lọ́la pé òun ló nilẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Orí pákó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìkórè, tí a bá ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan síwájú, a kì í pè wọ́n, torí wọn kò ní agboolé tí a lè fi pè wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka orúkọ àwọn ìdílé yẹn jáde, kò sì ṣe mí bí ẹni pé ohun kan kù.

Katikíìsì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ni ó rí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tí Bàbá Ìjọ lọ sí Àkúrẹ́, ó wàásù lórí bí Ọlọ́run ṣe sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé òun ló ni ilẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ti ro ilẹ̀ fún ogún ọdún lẹ́tọ̀ọ́ láti gbin igi sí i." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òjò dé lójijì, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo pa ìwé dé, mo fi ìborùn mi bò ó kí tádàwà má bàa ṣàn. Páànù ń hó lórí wa, àwọn tó wà lẹ́yìn kò lè gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n iwájú ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ ọ: "Kí ẹnikẹ́ni má sì gbin ohunkóhun títí a ó fi jókòó bá àwọn onílẹ̀ sọ ọ́."

Mo ní n óò kọ ọ́ nílé. Mo délé, mo jẹun, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin alágbàṣe kan ké sí mi lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgunpá. "Màmá Akọ̀wé! Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé èmi náà ti di onígi o! Kòkó mẹ́wàá! Tó bá so, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀." Mo bá a rẹ́rìn-ín. N kò sọ gbólóhùn kejì fún un. Oko Bàbá Ìjọ ni ó gbìn ín sí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fa gbogbo kòkó náà tu.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí. Àlùfáà ti dé láti Ọ̀wọ̀. Àgbà kan ń sọ pé, "Bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní Róṣíà nìyẹn!"

Èkejì rẹ̀ ní, "Ìwọ tí o kò dé Ìbàdàn rí, ta ló mú ọ dé Róṣíà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Katikíìsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun sọ pé kí àwọn alágbàṣe dúró ná. Àwọn àgbà ní òjò kò jẹ́ kí àwọn gbọ́. Ó wá yíjú sí mi. "Màmá Akọ̀wé wà níwájú. Wọ́n mọ ohun tí mo sọ."

Àlùfáà ṣí ìwé, ó kà á sókè. "Ṣé gbogbo ohun tó sọ nìyí, mà?"

Mo lè la ẹnu. Ṣùgbọ́n bí mo bá là á, Bàbá Ìjọ tí mo kọ̀ fún yóò mọ̀ pé ohun kan kù nínú ìwé mi.

Mo ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kọ, sà."

Bàbá Ìjọ ní, "Ó tán. Ìwé rẹ̀ kì í parọ́."

Wọ́n fún katikíìsì di ọjọ́ Àbámẹ́ta láti kó kúrò nílùú. Obìnrin yẹn àti alágbàṣe kan mìíràn tí òun náà gbin kòkó ti lọ kí ọjọ́ yẹn tó pé, wọ́n gba ọ̀nà Ẹlẹ́gbẹ́ka, àwọn yòókù kò sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Títí di òní, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ nínú ìsìn, n kò lè wẹ̀yìn. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé àwọn alágbàṣe ti tún kún orí pákó ẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, katikíìsì wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kẹta, ó ká aṣọ náà sínú àpò, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ gbọ́ gbólóhùn kejì yẹn, àbí ẹ ò gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Ẹ ṣé, mà. Mo ti ń rò ó pé bóyá n kò sọ ọ́ ni."