Ọpẹ́ Àná Nínú Oko Kòkó

Rájí Àlàó, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gbangba ni wọ́n fi ń gba ọgbẹ́. Baálẹ̀ Ayégún, ọkọ Àṣàbí, baba Kúdírátù, Àlàó tí í kí ọmọdé bí ẹni ń kí àgbà. Ẹ sùn re o.

Àwọn ọmọ wọn ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ tí mo gbàgbé nínú wa.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ayé wa dojú rú, lọ́dún tí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ò san owó-orí mọ́. Èmi àti Ìyá Ráfátù ń yan gàrí lẹ́yìn ilé nígbà tí a gbọ́ ìbọn láti ọ̀nà Lálúpọn. Mo ní ọdẹ ni.

"Ọdẹ wo ló ń yìn ín lọ́nà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà?" ni Ìyá Ráfátù wí. "Sá, Àbẹ̀kẹ́!"

Mo sá tòun ti igbá àfọ́kù tí mo fi ń yan gàrí. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, òrùlé Sùlé Àkànní ti ń jó.

Oko kòkó tó wà létí odò la forí pamọ́ sí. Ẹ má bi mí pé a tó mélòó. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pàápàá nígbà tí ikú bá wà nítòsí. Mùdáṣírù Àjàní, ọmọ ìyá mi, wà níbẹ̀. Bàbá àti ìyá wa ti kú, òun nìkan ni mo ní.

A ò gbọ́dọ̀ dá iná nítorí èéfín. Ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n là ń jẹ, a sì ń lá omi ara kòkó. Ráfátù ń tọ́mọ lọ́wọ́; ọmú rẹ̀ gbẹ, ọmọ rẹ̀ ń sunkún tí kò ní ohùn.

Bọ̀ọ̀dá Rájí la fi ṣe olórí. Wọn ò ní ìbọn, wọn ò sì tíì pé ogójì ọdún. Láràárọ̀, wọ́n á máa lọ láti ìdí igi kan sí èkejì, wọ́n á máa dúpẹ́ àná lọ́wọ́ oníkálùkù.

"Ìyá Ráfátù, ẹ ṣeun àná. Aṣọ tí ẹ fi bo àwọn ọmọ yẹn, òtútù ò pa wọ́n."

"Àlàó, fi mí sílẹ̀. Ebi ń pa mí."

"Ẹ ṣeun tí ẹ ṣì lè bínú. Ẹni tó lágbára ìbínú ò ní kú lónìí."

Ìyá Ráfátù á rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ẹni tó ti ní òun ò lè dìde mọ́ á dìde, á lọ pọnmi.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé àwọn oníbọn ìjọba ti ká àwọn ará abúlé kan mọ́ ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tún ká àwọn mìíràn mọ́. Ta ló ń júwe? Láti ọjọ́ yẹn la ò ti fọkàn tán ara wa mọ́. Bí ẹnì kan bá lọ tọ̀, ẹlòmíràn á tẹ̀lé e. Èmi ń wo ọwọ́ èèyàn kí n tó wo ojú rẹ̀.

Mo sún mọ́ Ìyá Ráfátù, mo sọ ọ́ sí wọn létí: "Ẹ ò rí i pé Bọ̀ọ̀dá Rájí ń kà wá? Kò sí àárọ̀ tí wọn ò yí wa ká. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n ń dúpẹ́ sí nínú ìyà yìí?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Bùsàrí ọdẹ. Wọ́n yọ àdá.

"Rájí, ta lò ń kà wá fún?"

"N ò ka ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ń dúpẹ́ ni."

"Ọpẹ́ kí ni? Ẹni tí ayé dojú rú fún tó tún ń tújú ká, ó ní ibi tó ti ń jẹun."

Bọ̀ọ̀dá Rájí wò wá yí ká. Kò sẹ́ni tó gbè wọ́n. Èmi náà wolẹ̀.

"Ó dáa, n ò ní dúpẹ́ mọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá ara yín."

Bàbá Bùsàrí ní kí wọ́n jókòó sídìí igi obì, níbi tí ojú gbogbo wa á ti máa tó wọn.

Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kan. Bọ̀ọ̀dá Rájí la ń ṣọ́. Bí wọ́n bá họra, Bàbá Bùsàrí á gbá àdá mú. Mùdáṣírù ti lọ wa ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ló sùn sí. Àwọn ọkùnrin rò pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ọ̀sán pọ́n, òjò dé, mo mú aṣọ rẹ̀ pé kí n lọ fi bò ó. Mo wá a láti ìdí igi dé ìdí igi.

"Ẹ bá mi rí Mùdáṣírù?"

Bọ̀ọ̀dá Rájí dìde.

"Jókòó síbẹ̀!" ni Bàbá Bùsàrí wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣá mi nígbà tí mo bá dé. Àjàní ò sí níbí."

Ìbọn ló ba Mùdáṣírù ní itan. Ó ti fi ẹ̀wù di ojú ọgbẹ́ náà, ó sì wọ́ ara rẹ̀ wá títí ó fi ku díẹ̀ kó dé odò. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, Bàbá Bùsàrí fọwọ́ kàn án lábíyá. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n gbójú kúrò. Gbogbo wa mọ̀ pé ó wà láàyè láàárọ̀.

Abẹ́ kòkó la sin ín sí.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá Rájí dìde láìtọrọ àyè.

"Bàbá Bùsàrí, ẹ ṣeun àná. Ọwọ́ yín ló gbẹ́ ilẹ̀."

Bàbá Bùsàrí da aṣọ borí. Bọ̀ọ̀dá Rájí wá dé ọ̀dọ̀ mi.

"Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun àná."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ lo rántí pé òjò ń pa á."

Ìgbà náà ló yé mi. Wọn ò lè kà wá, nítorí a kì í ka èèyàn. Ẹni tí wọn ò bá rí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n á wá lọ. Ọpẹ́ náà kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Kò sẹ́ni tó lè dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi gbogbo àná wo ọmọnìkejì rẹ̀. Àwa náà ń wo ara wa, àléébù là ń wá.

Ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́, ó pẹ́ kí a tó gbà pé ó dákẹ́. Nígbà tí a padà délé, kò sí àkùkọ tó kọ. Agbada mi ṣì wà lórí àdìrò, gàrí inú rẹ̀ ti bu. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ò júwe abúlé méjèèjì yẹn. Wọ́n dáná ni, èéfín sì tú wọn fó. Ó wù mí kó jẹ́ pé ẹnì kan ló júwe wọn.

A fi Bọ̀ọ̀dá Rájí jẹ Baálẹ̀. Títí dòní, bí àwọn tó ń wá ìbò bá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, mo máa ń bi wọ́n pé, "Kí ni mo ṣe lánàá tí ẹ ń dúpẹ́ sí?" Wọn kì í mọ̀.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí n ò sọ fún Baálẹ̀ pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Nírọ̀lẹ́ Alárùba tó kọjá, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá wọn lórí ibùsùn.

"Baálẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ẹ ń kà wá."

Wọ́n mu ẹ̀kọ náà tán. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, láti ìgbà tí a ti kí ìrun àsùbáà ni mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ń retí ọpẹ́ àná. Iyàrá dákẹ́.

A sin wọ́n lọ́jọ́ Àlàmísì náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, sí ẹ̀gbẹ́ Mùdáṣírù.