Ọ̀rọ̀ Mi Lẹ́nu Ìyàwó

Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ ìyàwó kékeré wá láti Àpá, àwọn aládùúgbò wa ní Ìkògà ń ṣọ́ ojú mi. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú. N kò bá a jà. Ọmọ náà mọ ẹja yan, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ọkọ tí a sì jọ pín kò tó ohun tí mo lè tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. Ìgbà tí òyìnbó fẹ́ tún òfin ṣe ni owú tèmi dé.

Òfin ńlá tí ìjọba òyìnbó fi ń ṣàkóso gbogbo Nàìjíríà, wọn kò bi wá kí wọ́n tó ṣe é, àwọn èèyàn sì pariwo títí. Ni wọ́n bá ní àwọn yóò tún un ṣe, àwọn yóò sì béèrè láti abúlé dé abúlé. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni yóò ti ọ̀dọ̀ wa lọ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé Àgbádárìgì. Mo fẹ́ lọ. N kò fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú agbo ilé ọkọ mi, àgbà kì í gbé ohùn sókè láwùjọ. Etí ẹni tó kéré ló ń sọ̀rọ̀ sí, ìyẹn á sì gbé e jáde fún àwùjọ. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó tó wá yan àwọn tí yóò lọ jókòó sábẹ́ igi ní abúlé wa, tí ògbufọ̀ rẹ̀ ní kí àwọn obìnrin wí tiwọn, mo fẹnu kan ìyàwó létí.

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin tuntun pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí i padà láìkọ́kọ́ wá bi àwa tí òfin dè."

Ó gbé e jáde. Ohùn rẹ̀ dùn, Ègùn sì ń yọ nínú Yorùbá rẹ̀, gbogbo èèyàn ń mi orí. Òyìnbó ṣí akẹtẹ̀. Ó ní obìnrin tó gbọ́n báyìí ló yẹ kó lọ.

Àlejò ni òyìnbó náà, kò mọ àṣà wa. Mo wo ọkọ mi, ilẹ̀ lòun ń wò. Nígbà tí a délé, ó ní, "Àgbà tó bá dìde pé òun ló ni ọ̀rọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ọmọdé." Èmi ni mo di irun fún ìyàwó kó tó wọ ọkọ̀ lọ. Mo fà á le dáadáa.

Ìdí ààrò tí mo ti ń yan ẹja ló bá mi nígbà tó dé. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa dára. Ṣùgbọ́n yovó, òyìnbó tó darí ìpàdé, tún béèrè òmíràn. Ó ní tí wọ́n bá wá bi wá, tí àwọn kan fẹ́, tí àwọn kan kọ̀ ńkọ́?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ n wá bi yín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì parí ìpàdé."

Inú bí mi gan-an. Ìdáhùn náà wà nínú omi iwájú ilé wa, níbi akájà, ẹ̀ka igi tí gbogbo wa jọ kó sómi kí ẹja lè máa sá síbẹ̀.

"Ṣé o ò mọ bí a ṣe ń ṣí akájà nípò ni? Ará etí omi méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tí apá kan bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó fẹ́ yí i padà ni kó lọ máa bẹ àwọn tó kọ̀."

Ìyàwó dìde, ó nu ọwọ́, ó sì gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kò sẹ́ni níbẹ̀, àfi ẹja àti èéfín. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi lọ. Mo ń jowú rẹ̀ títí dòní.