Fi Ewé Bò Ó Ná

Ọjọ́ tí mo kó ọmọ mi kúrò nílé, n kò tilẹ̀ tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo ti sẹkitéríàtì dé sí yàrá méjì tí a háyà ní Igbona, l'Òṣogbo, mo bá omi nílẹ̀ káàkiri àgbàlá. Láfún tí aládùúgbò wa ti ń sá láti ọjọ́ mẹ́ta ti padà di ẹ̀gẹ́ tútù. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ́wọ́. Kò purọ́. Ó ní òun lòun da omi sí i.

Ọmọ náà kì í ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Bí nǹkan bá ti wá sí i lọ́kàn báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é tán. Ó gé irun ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò nítorí pé ooru mú un. Ó dìde láàárín ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ fún oníwàásù pé wọ́n ti sọ ìtàn yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo nà án, mo bá a wí, mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ má bi mí pé ta ló fi jọ. Ẹni bíni là á jọ.

N kò bi í pé kí ló dé. Mo da aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, a wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, a gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Ìfẹ̀wàrà, mo fà á lé màmá mi lọ́wọ́ níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Yèyé, ẹ bá mi tọ́ ọ, apá mi ò ká a mọ́."

Màmá mi wo ọmọ, wọ́n wo èmi náà. "Kí ló ní wọ́n ṣe fún òun?"

"Mi ò bi í, mà."

Ọ̀kadà tó gbé wa wá ni mo gùn padà.

Mo rò pé ìsinmi ló ń bọ̀. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ, àwa méjì náà la kù, a sì máa ń pariwo tó èèyàn mẹ́wàá. Ní báyìí, bí mo bá ti ọ́fíìsì dé, dídún kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ń gbọ́. Mo ṣì ń se ìrẹsì èèyàn méjì. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni mò ń jẹ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ràn ìrẹsì àná. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé mò ń bá rédíò jiyàn.

Ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń pè. Wọ́n ní ọmọ ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, àti pé òun ni wọ́n fi ṣọ́ kòkó. Kòkó tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń kó o lé, a ó fi ewé bò ó dáadáa kí ó lè kan, ó di ọjọ́ kẹfà kí a tó kó o sóòrùn. Wọ́n ní ọmọ mi ṣí i lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣí i lọ́jọ́ kẹta, ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe lábẹ́ ewé. Kòkó náà bàjẹ́. Wọn kò nà án. Wọ́n ní kí ó sá a bẹ́ẹ̀, kí ó fọ́ ọ wò, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n tún kó òmíràn fún un. Èyí ni kò fọwọ́ kàn títí ọjọ́ fi pé. Láti ìgbà náà, bí inú bá ti fẹ́ bí i, wọn a ní, "Fi ewé bò ó ná."

Inú mi dùn, mo sì jowú. Èmi tí mo bí i kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ í sọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn mi. Kò jókòó. "Ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ láfún yẹn, èmi ni mo sọ̀rọ̀ yín lójú ọmọ. Mo ní bóyá ẹnu yín ló lé ọkọ yín jáde."

Ẹnu mi ti là láti fún un lésì tó máa gbé e sùn. Mo rántí ewé, mo pa á dé. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, mo sunkún. Èmi ló ń gbèjà.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ. Tẹ́lẹ̀, láti òpópónà ni ìbá ti máa kígbe pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kó tó dáhùn, mo ti fi kún un: "Ó yá, lọ kó ẹrù rẹ, ká máa lọ sílé." Bí mo ṣe fi ìkánjú mú un wá náà ni mo fẹ́ fi ìkánjú mú un lọ.

Kò dìde. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fi ewé bò ó ná. Mà á fún yín lésì."

Màmá mi ń fọ́ kòkó lọ ní tiwọn, wọn kò wo ẹnì kankan nínú wa. Mo ní kò burú. Mo dá nìkan wọkọ̀ padà.

Òní ló pé ọjọ́ kẹrin. Fóònù wà níwájú mi lórí tábìlì. Mo ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò tíì pè é.