Alááàrù Inú Sinimá

Ọmọdé ni mí nígbà tí sinimá gbòde ní Banjul, kí ìlú náà tó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù lórí ibùsùn, ẹ ò lè mọ bí inú wa ṣe máa ń dùn tó lọ́sàn-án Sátidé! Gbogbo ọmọ àdúgbò wa, Campama, la jọ ń dà lọ: ọmọ Wolof, ọmọ Aku, àti àwa ọmọ Yorùbá oníṣòwò.

Bàbá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní sinimá ń sọ ọmọ di ìpáǹle. Nígbà tí ẹkún mi pọ̀ jù, ó ní kí ìyá òun bá mi lọ wò ó. Bí ìyá àgbà bá fi lè ní kò dára, mi ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Ha, mo kẹ́ ìyá àgbà lọ́sẹ̀ náà! Kódà mo fọ aṣọ wọn tí kò dọ̀tí.

Nínú fíìmù ọjọ́ náà, òyìnbó kan ń rin igbó, àwọn ènìyàn dúdú ru ẹrù tẹ̀ lé e. Lójijì ni alááàrù kan yọ̀ ṣubú sínú ọ̀gbun. Òyìnbó béèrè ohun tó wà nínú ẹrù náà, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà, mo sì bá àwọn ọmọ yòókù pàtẹ́wọ́ fún òyìnbó. Bí a ṣe délé ni bàbá mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá, ṣé ó dára?” ni bàbá mi bi wọ́n.

“Mo mọ̀ pé eré ni,” ni wọ́n dáhùn. “Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ṣubú, ẹrù ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ṣe eré yẹn ni kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kì í ṣe ọmọ tó ń wò ó. Jẹ́ kó máa lọ.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Ìwọ, bí alááàrù bá tún ṣubú, kí o sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Àbí a ò kọ́ ọ nílé ni?”

Sátidé kejì, òmíràn ṣubú. Wọn kì í ṣàìṣubú nínú fíìmù ayé ìgbà náà. Mo kígbe, “Pẹ̀lẹ́ o!” Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ Wolof ń ké “Másá!”, ti Aku ń ké “Óṣíyà!”, bí wọ́n ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́ lédè wọn. Ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì sáré wọlé, ó rò pé ìjà ló bẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òyìnbó ò rí àtẹ́wọ́ gbà lọ́wọ́ wa bọ̀rọ̀ mọ́.

Ayé ti yí. Ìrẹsì ni wọ́n ń kó sínú ilé sinimá náà báyìí, àwọn ọmọ wa ló sì ń ṣe fíìmù. Èyí tí ẹ fi hàn mí lórí fóònù lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, alááàrù ni olórí eré: ó ní orúkọ, ó ní ìyàwó, ó tún ń gbó ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ rò pé ẹ̀rín lásán ni. Ó dùn mí pé ìyá àgbà ò dúró rí i.