Obìnrin Inú Ìwé Ọkọ Mi

Ọdún méje ni mo fi jowú obìnrin kan tó ti kú kí ẹnikẹ́ni nínú ìran mi tó gbọ́ pé òyìnbó wà láyé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní òun ti rí ẹni tó ń bá ọmọge du ọkọ, òun ò tíì rí ẹni tó ń bá òkú du ú.

Olùkọ́ ìtàn ni ọkọ mi, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ifo. Ọ̀nà jìn láti Mowe tí a ń gbé, nítorí náà ó gba yàrá kan síbẹ̀, ó ń wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá ti jẹun tán, yóò tú ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Ìtàn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́ ló ń fi Yorùbá kọ, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè gbádùn rẹ̀. Ìjòyè náà ṣorí kunkun sí ọba, ó kó àwọn ìjòyè mìíràn sẹ́yìn, wọ́n dìtẹ̀. Nígbà tí ọba gbógun dé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó fi ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú ilé olódi, obìnrin náà sì kọ̀ jálẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ogun ọba.

Ìjòyè yẹn kọ́ ló ń dùn mí, ìyàwó rẹ̀ ni. Ọkọ mi mọ iye ọmọ tó bí, ó mọ èyí tó kú ní kékeré nínú wọn, ó mọ ilé tí àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́kọ sí. Ó ya gbogbo ìdílé wọn sórí páálí kan, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, lókè tẹlifíṣàn. A lè máa jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, kí ó kàn mi orí, kí ó ní, "Ìyá Ìbejì, obìnrin yẹn láyà o."

Èmi á ní, "Ẹ bu ọbẹ̀ sí i."

Ìdí kan ṣoṣo ló fa owú mi. Ilé wa ò tíì ní àjà nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kó ara wọn dé pẹ̀lú àdá. Wọ́n ní ẹbí tó ta ilẹ̀ fún wa kọ́ ló ni ín, kí a kó jáde. Oyún ìbejì wà nínú mi, ẹsẹ̀ mi ti wú. Ọkọ mi wà ní Ifo. Mo pè é, ó ní òun ti ń bọ̀. Mo gbé àpótí tí mo máa ń jókòó lé ránṣọ sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó, mo ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó gba orí ikùn mi kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wá, tí wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ kẹta, olórí ẹbí wọn wá fúnra rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ọkọ mi tó dé. Ó ní ìdánwò ló dá òun dúró. Kò bi mí bó ṣe jẹ́, kò dúpẹ́. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́. Mo kàn jókòó tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń yin ẹni tó ṣọ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tó kọ ìwé náà tán, ó ní kí n bá òun gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Ibafo, nítorí ibẹ̀ ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo gbé e bí ẹni gbé ẹrù orogún. Mo débẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì ní epo. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ṣí ìwé náà kí n lè mọ ibi tí màá ti bú u.

Mo bọ́ síbi tí ọba ti dárí ji ìjòyè, tó padà dé láti òkè òkun. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lórí àpótí. Ìjòyè bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Mo sá. Ìwọ lo dúró. Ojú ń tì mí."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Níbo ni òyìnbó ti ń dọ̀bálẹ̀, tó tún wá jẹ́ fún ìyàwó rẹ̀? Olùkọ́ ìtàn odindi. Mo tún un kà, mo wá rí àpótí. Obìnrin tó ní ilé olódi, kí ló ń fi àpótí ṣe lẹ́nu ọ̀nà? Àpótí mi ni.

Ẹ má rò pé inú mi dùn. Owú tó gbé mi lọ́jọ́ náà ju ti ọdún méje lọ. Ó ti rí ọ̀rọ̀ náà sọ látọjọ́ yìí, ó wá lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e padà sí Mowe lọ́sàn-án yẹn. Àwọn ìbejì ń ṣeré níta, bàbá wọn wà ní pálọ̀. Mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó, mo ṣí ìwé síbẹ̀, mo nà án sí i.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ìjòyè yìí ṣe ṣe é hàn mí."

Ó wo ìwé, ó wo àpótí. Ó ní, "Kò sí ìdánwò kankan lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. Ẹ ò tíì ṣe é kí n rí i."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn. Eékún rẹ̀ dún. Ó na ara rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, ó sì sọ ohun tó kọ, láìwo ìwé. Mi ò tètè ní kó dìde.

Nígbà tó dìde, mo na báírò sí i. "Ẹ pa ìdọ̀bálẹ̀ yẹn rẹ́. Kí ìjòyè bọ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, bí òyìnbó ṣe ń ṣe. Ẹ yọ àpótí náà pẹ̀lú."

"Ibẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo ìwé náà."

"Mo mọ̀."

Ó fa ìlà gba orí rẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi fà á tán. Obìnrin yẹn ṣì wà lórí ògiri wa títí dòní, òun àti gbogbo ọmọ rẹ̀. Ilé olódi ni tirẹ̀. Kó fi àpótí sílẹ̀ fún mi.