Ẹyẹ Tó Ń Rìn

Ẹnu Lovina Schlabach ló kó bá a.

Nílé Saloma ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí àwọn obìnrin péjọ sí tí wọ́n ń fi àjákù aṣọ rán kúbùsù. Ọ̀rẹ́ Lovina láti kékeré ni Saloma. Àbúrò Lovina ọkùnrin ni Saloma fẹ́. Wọ́n ń fi Atlee Erb yọ Lovina lẹ́nu. Opó ni Lovina, ìyàwó Atlee náà ti dolóògbé, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ràn àtimáa wo ẹyẹ.

“Kí ni ìwọ àti Atlee tún ń wò lórí igi?” ni Saloma wí. “Ẹ kúkú wo ara yín.”

Lovina fi eyín já òwú. “Ọjọ́ tí mo bá fojú ara mi rí Olórí-eérú, ọjọ́ náà ni n óò fẹ́ Atlee.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹyẹ yẹn: orí bí eérú, òrùka funfun yí ojú ká, ikùn pọ́n bí pupa ẹyin. Abẹ́ igbó ló máa ń fara pamọ́ sí. Àwọn tó jọ ọ́ a máa tọ pọ́ún pọ́ún nílẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́; òun máa ń rìn ni, ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, bí àgbà tó ń lọ sí ìsìn. Láti ìgbà tí Lovina ti ń tẹ̀lé ẹṣin bàbá rẹ̀ lóko ló ti ń wo ẹyẹ. Kò rí eléyìí rí.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù tí Atlee ti ń ṣe ìjánu ẹṣin. Kò bínú. Ó wá sílé Lovina, ó ṣí fìlà koríko rẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ibo la ó ti kọ́kọ́ wá a?”

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, Lovina kò fẹ́ fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá ń bá ọ dúró lábẹ́ igi láti ìdájí, tó ń jẹ páì rẹ láìsọ̀rọ̀ jù, tó ń kìlọ̀ fún ọ níbi tí pákó afárá ti ń yọ̀, ọkàn a máa ṣí kúrò níbi tó wà. Nígbà tó fi di ìgbà ìrúwé kejì, ó ti fẹ́ ẹ tán nínú. Ẹyẹ ló kù.

Kò sì lè yẹ ọ̀rọ̀. Àwọn ará ìjọ wọn kì í búra, nítorí pé bí wọ́n bá ti ní “bẹ́ẹ̀ ni”, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ẹnu bá ti sọ, ìṣó tó ti wọ pákó ni. Ọmọ Atlee obìnrin tó wà ní Wisconsin sì ti ní kí bàbá òun kó wá sọ́dọ̀ òun kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ìgbà ìrúwé kẹta ṣe dé nìyẹn. Lóṣù karùn-ún, afẹ́fẹ́ gúúsù fẹ́ mọ́jú ọjọ́ kan. Denise, ará ìta tó máa ń fi bọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀ gbé wọn nítorí pé ìjọ wọn kì í wa mọ́tò, gbé àwọn méjèèjì àti Saloma dé etí adágún Erie. Àwọn ẹyẹ tó ti ilẹ̀ olóoru bọ̀ ti balẹ̀ síbẹ̀ láti sinmi kí wọ́n tó sọdá omi.

Igi kún. Ẹyẹ búlúù, ẹyẹ onílà dúdú àti funfun, òmíràn tí iná ń jó lọ́fun rẹ̀. Àwọn èrò tó wà lórí afárá onípákó tó gba inú igbó kọjá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọdé tó jí súgà. Ẹyẹ kan bà lé fìlà Atlee.

“Má mira,” ni Lovina wí.

“Irú èwo ni?”

“Bí mo bá sọ ọ́, wàá mira.”

Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀. Denise bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀ fún Lovina, ó fẹ̀ bí àgọ́. Lovina so ìborùn mọ́ orí, ó nu jígí ojú rẹ̀, ó ń wá ilẹ̀ kiri.

Lójijì ni ẹnìkan ké láàárín èrò: “Olórí-eérú!”

Saloma fà á lọ́wọ́, ó ń gba àárín àwọn ènìyàn kọjá. “Ẹ yà! Ẹ yà fún ìyàwó!”

Lovina gbé awò tó fi ń wo òkèèrè sójú. Òun nìyẹn lábẹ́ ewé. Orí bí eérú. Funfun lẹ́bàá ojú. Ẹyẹ náà ṣí ẹsẹ̀.

Pọ́ún.

Lovina rí i. Ó pa ẹnu mọ́.

“Ó ti rí i!” ni Saloma ń pariwo. Àwọn tí wọn kò mọ̀ rí ń pàtẹ́wọ́. Atlee gbé awò tirẹ̀ sókè, ó wò ó pẹ́. Lovina ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó bá òun di ọkùnrin yìí lẹ́nu.

“Ó ń tọ,” ni Atlee wí.

Ìpàtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró.

“Kì í ṣe òun. Èyí ń tọ.”

“Atlee!” Saloma di ìbàdí mú. “Ṣé ìwọ kọ́ ló ń wá ìyàwó ni?”

“Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹyẹ ẹlẹ́yẹ gba ìyàwó.”

Lovina yí padà, ó forí lé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Inú ń bí i sí Atlee nítorí pé ó sọ òtítọ́, ó ń bí i sí ara rẹ̀ nítorí pé kò sọ ọ́, inú rẹ̀ sì tún ń dùn pé irú ọkùnrin báyìí wà láyé. Gbogbo rẹ̀ dà pọ̀, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́.

Bí ó ti dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, ohun kan ń kọjá nínú fèrèsé. Ó dúró. Ohun náà dúró. Ìborùn aláwọ̀ eérú. Férémù fàdákà yí ojú ká. Ẹ̀wù òjò Denise pọ́n bí pupa ẹyin láti ọrùn dé orúnkún.

Lovina gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ohun náà ń rìn.

Ẹ̀rín mú un débi pé ó di dígí ọkọ̀ mú. “Olórí-eérú!” ló figbe ta. “Lẹ́bàá bọ́ọ̀sì!”

Wọ́n ya bò ó, gbogbo afárá, pẹ̀lú kámẹ́rà. Atlee ló dé kẹ́yìn nítorí orúnkún rẹ̀.

“Níbo?”

“Wo inú fèrèsé.”

Atlee wò ó. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó gbé awò sójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà ju ìnà apá kan lọ sí i, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó dájọ́.

“Jẹ́ kí n rí ìrìn rẹ̀,” ló wí.

Lovina rìn láti iwájú bọ́ọ̀sì dé ẹ̀yìn.

“Ó ń rìn,” ni Atlee wí. “Òun ni.”

“Ikùn rẹ̀ tóbi ju ti inú ìwé ẹyẹ lọ,” ni Saloma wí.

“Páì rẹ ló fà á,” ni Lovina wí. “Atlee, kọ̀wé sí Wisconsin pé o ò wá mọ́.”

Ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé kámẹ́rà gígùn kọ́rùn ṣì ń wo abẹ́ ọkọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti fò lọ ni?”

“Kò fò,” ni Atlee wí. “Ó ń bá wa lọ sílé.”

Nígbà tí Lovina ń wọ ọkọ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó tọ lẹ́ẹ̀kan, pọ́ún. Ó wo ẹ̀yìn.

Atlee rí i. Ó pa ẹnu mọ́.